Ẹni tí ń La Ọ̀nà àti Ẹni tí ń Tọ̀ Ọ́ Lẹ́yìn: Ìyàtọ̀ tó wà nínú Ìrònú Olùkọ-ètò àti Olùdánwò Ètò Kọ̀ǹpútà

1.0 Ìfáárà

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọ̀nà tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń gbà ronú nípa iṣẹ́ wọn àti ọ̀nà tí àwọn tí ń dán irú ètò bẹ́ẹ̀ wò ń gbà ronú nípa tiwọn. Ohun tí a pè ní ètò níhìn-ín ni àkójọ àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ ní èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́, tí ẹ̀rọ náà yóò máa tẹ̀ lé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láì yà sọ́tùn-ún, láì yà sósì. Ẹni tó kọ àwọn àṣẹ náà ni a ó máa pè ní olùkọ-ètò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lo ètò náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà kí ó tó dé ọwọ́ aráyé, kí ó lè rí ibi tó kù sí, ni a ó máa pè ní olùdánwò. A kò lo ọ̀rọ̀ yìí fún olùkọ́ tí ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn méjèèjì kò ju pé èkíní ń ṣe nǹkan, èkejì sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé ẹni tí kò mọ ètò kọ dáadáa ni í di olùdánwò. Èrò tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a rí ni pé ìbéèrè tí olúkúlùkù wọn ń bi ara rẹ̀ ló yàtọ̀. Olùkọ-ètò ń béèrè pé, 'Báwo ni nǹkan yìí yóò ṣe ṣiṣẹ́?' Olùdánwò ń béèrè pé, 'Báwo ni nǹkan yìí yóò ṣe bàjẹ́?' A ó fi hàn pé kò rọrùn fún ọkàn kan ṣoṣo láti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé níbi tí a kò bá ti fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè kejì, ẹ̀mí ènìyàn lè bá a lọ.

2.0 Ìrònú Olùkọ-ètò

Olùkọ-ètò ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò sí nǹkan kan. A sọ ohun tí a fẹ́ fún un, òun ni yóò sì wá ọ̀nà tí yóò fi di ṣíṣe. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, ó ní láti gbà pé ọ̀nà wà. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń rò, kò ní í lè kọ ìlà kan ṣoṣo. Nítorí náà, irinṣẹ́ ni ìrètí jẹ́ fún un. Kì í ṣe àléébù. Bákan náà, kò lè ṣe kí ó má gba àwọn nǹkan kan láì sọ wọ́n jáde: pé ẹni tí yóò lo ètò náà yóò kọ nọ́ńbà níbi tí a ti ní kí ó kọ nọ́ńbà, pé yóò tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn, pé kò ní í kánjú ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ètò kékeré kan tí yunifásítì lè lò láti ṣètò máàkì akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí wọ́n sọ fún olùkọ-ètò ni pé kí ó kọ 'yege' sí iwájú orúkọ ẹni tó bá gba 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì kọ 'kùnà' sí iwájú orúkọ ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó fi 65 dán an wò, ẹ̀rọ dáhùn pé 'yege'. Ó fi 20 dán an wò, ẹ̀rọ dáhùn pé 'kùnà'. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti parí. A kò lè sọ pé kò dán ètò náà wò. Ó dán an wò. Ṣùgbọ́n àárín ojú ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ là ni ó rìn, kò rin etí rẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ wà níbí. Bí olùkọ-ètò bá ti gbà láì sọ pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní máàkì, kò ní í kọ àṣẹ kankan fún ẹni tí kò wá jókòó ṣe ìdánwò. Nígbà tó bá sì fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kò ní í rántí láti fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbàgbé kan náà ló bí ètò náà, òun náà ló sì bí ìdánwò rẹ̀. Òǹkọ̀wé tí ń ka ìwé ara rẹ̀ kí ó tó lọ sílé ìtẹ̀wé mọ irú ìṣòro yìí: ohun tó ní lọ́kàn ni ojú rẹ̀ ń kà, kì í ṣe ohun tó wà lórí tákàdá. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi sọ pé ẹni tí ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́.

3.0 Ìrònú Olùdánwò

Bí a bá gbé ètò máàkì yìí fún olùdánwò, kì í ṣe 65 ni yóò kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. 40 gan-an ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹnu ààlà ni àṣìṣe máa ń fara pamọ́ sí. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin 'ó ju 40 lọ' àti '40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ' kò ju àmì kékeré kan lọ nínú ètò, ṣùgbọ́n ní ìgbésí ayé akẹ́kọ̀ọ́ tó gba 40 géérégé, ó lè jẹ́ odidi ọdún kan. Lẹ́yìn èyí, yóò dán 39 wò, àti 39.5. Yóò dán 0 wò, àti 100, àti 101 tí kò yẹ kí ó wà rárá. Yóò fi lẹ́tà O sí ipò òdo, bí akọ̀wé tó ti rẹ̀ ṣe lè ṣe é. Yóò fi àyè sílẹ̀ lófìfo, yóò sì wò ó bóyá ẹ̀rọ náà yóò ka ẹni tí kò wá mọ́ ẹni tó wá tó sì gba òdo. Yóò kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí iṣẹ́ yìí lè rò pé ìwà àrankàn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Olùdánwò gbà pé ètò tí kò tíì bàjẹ́ lójú òun kò tíì sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òun. Glenford Myers sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀nà tó lágbára nínú ìwé rẹ̀ The Art of Software Testing, tó jáde ní 1979. Lójú tirẹ̀, ète ìdánwò ni láti wá àṣìṣe rí. Kì í ṣe láti fi hàn pé àṣìṣe kò sí. Bí a bá gba èyí, ìtumọ̀ àṣeyọrí yí padà: ìdánwò tó tú àṣìṣe fó ni ó yọrí sí rere, èyí tí kò rí nǹkan kan ni ó yẹ kí a tún wò. Ohun tí olùkọ-ètò pè ní ọjọ́ burúkú ni olùdánwò pè ní ọjọ́ iṣẹ́ rere.

Kì í ṣe inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan ni a ti rí i pé ọkàn ènìyàn kì í fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí fúnra rẹ̀. Ní London ní 1960, Peter Wason, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tẹ ìwádìí kan jáde. Ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní nọ́ńbà mẹ́ta, 2, 4, 6, ó sì ní kí wọ́n wá òfin tí wọ́n tẹ̀ lé rí. Wọ́n lè dárúkọ nọ́ńbà mẹ́ta mìíràn, òun yóò sì sọ bóyá ó bá òfin náà mu. Ọ̀pọ̀ wọn gbà lọ́kàn pé a ń fi méjì méjì kún un ni. Wọ́n ń dárúkọ 8, 10, 12. Wọ́n ń dárúkọ 20, 22, 24. Ó ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, èrò wọn sì túbọ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òfin náà kò ju pé kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tóbi ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dán 1, 2, 50 wò ni ì bá tètè mọ̀. Ìyẹn ni pé bí a bá ń béèrè kìkì ohun tí a retí pé ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a lè wà nínú àṣìṣe títí kí ẹnikẹ́ni má sì já wa nírọ́.

4.0 Àpẹẹrẹ kan láti inú Àkọtọ́ Yorùbá

Kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa, ẹ jẹ́ kí a yẹ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ èdè Yorùbá wò. Orúkọ náà Olúṣẹ́gun ní lẹ́tà mẹ́jọ lójú ẹni tó bá mọ̀wé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́tà ni kọ̀ǹpútà ń kà. Nọ́ńbà tí ìlànà Unicode fún àmì kọ̀ọ̀kan ni ó ń kà. Nínú ìlànà yìí, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì sókè tó sì ní àmì nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti to méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kí a tó rí i. Nítorí náà, Olúṣẹ́gun lè jẹ́ nọ́ńbà mẹ́sàn-án nínú ẹ̀rọ kan, kí ó sì jẹ́ méjìlá nínú òmíràn tí ó ya gbogbo àmì sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ojú ènìyàn kò ní í rí ìyàtọ̀ kankan.

Olùkọ-ètò tí èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀ yóò kọ ètò tí ń wá orúkọ ènìyàn, yóò fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì dán an wò, yóò sì ṣiṣẹ́. Olùdánwò ni yóò béèrè pé: bí akọ̀wé méjì bá tẹ orúkọ kan náà sórí ẹ̀rọ méjì tó yàtọ̀ ńkọ́? Àfi bí olùkọ-ètò bá ti fi àṣẹ sí i pé kí a kọ́kọ́ sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan, ẹ̀rọ yóò sọ pé ẹni náà kò sí nínú ìwé. Bí ó bá sì gbà pé àtúnṣe rẹ̀ ni kí a gé gbogbo àmì dànù, olùdánwò tó gbọ́ Yorùbá yóò kọ ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀, yóò sì fi hàn án pé ó ti da olórí ilé, ohun ìrìnnà, irinṣẹ́ àgbẹ̀ àti ohun ìjà pọ̀. Bákan náà ni tító ọ̀rọ̀. Nínú ábídí wa, gb jẹ́ lẹ́tà kan, ẹ̀yìn g ni ó sì ń tẹ̀ lé; nítorí náà gúsù ní láti ṣáájú gbà nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ètò tó bá tẹ̀ lé ábídí Gẹ̀ẹ́sì yóò fi gbà ṣáájú gúsù. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìkankan nínú àwọn àbùkù wọ̀nyí tó jẹ́ àìmọ̀ọ́kọ. Ohun tí a gbà láì sọ ló fa gbogbo wọn.

5.0 Ẹ̀rọ Therac-25

Ohun tí a ti sọ títí di ìsinsìnyí kò ju ọ̀rọ̀ máàkì àti orúkọ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ Therac-25 fi hàn bí nǹkan ṣe lè burú tó. Ilé-iṣẹ́ Atomic Energy of Canada Limited, tó jẹ́ ti ìjọba Kánádà, ni ó ṣe ẹ̀rọ yìí fún títan ìtànṣán sí ara àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ. Mọ́kànlá ni wọ́n lò: márùn-ún ní Amẹ́ríkà, mẹ́fà ní Kánádà. Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà ṣiṣẹ́. Ní ọ̀nà kìíní, ó ń tan electron tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n sí ara aláìsàn. Ní ọ̀nà kejì, tí í ṣe ti X-ray, agbára ìtànṣán náà ń pọ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n irin kan ní láti wà láàrin òun àti aláìsàn. Bí agbára ọ̀nà kejì bá jáde láìsí irin yìí, ó di ìjàǹbá.

Nínú ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀, Therac-20, àwọn ìdènà tí a fi irin àti wáyà ṣe wà tí kò jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀. Nínú Therac-25, wọ́n yọ púpọ̀ nínú ìdènà wọ̀nyí, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé ètò kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ènìyàn kan ṣoṣo ló kọ ètò náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1983 tí ilé-iṣẹ́ náà yẹ ewu tó lè wà nínú ẹ̀rọ náà wò, wọn kò ka àṣìṣe inú ètò mọ́ ọn. Lára ìdí tí wọ́n sọ ni pé ètò kì í gbó bí irin ti í gbó. Òótọ́ ni pé kì í gbó. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ́ láti ilẹ̀ kò nílò kí ó gbó kí ó tó pani lára.

Láàrin oṣù kẹfà ọdún 1985 àti oṣù kìíní ọdún 1987, ìjàǹbá mẹ́fà ṣẹlẹ̀. Àwọn kan kú, àwọn mìíràn fara pa gidigidi. Èyí tó kàn wá jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ìlú Tyler, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1986. Òṣìṣẹ́ tí ń darí ẹ̀rọ náà tẹ lẹ́tà x níbi tó yẹ kí ó tẹ e. Ó rí i, ó sì yára padà lọ tún un ṣe. Ojú kọ̀ǹpútà fi hàn pé gbogbo nǹkan ti tọ́. Nígbà tó ní kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ó dá dúró, ó sì kọ 'Malfunction 54', ọ̀rọ̀ tí ìwé ìlò ẹ̀rọ náà kò túmọ̀ rẹ̀. Irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójoojúmọ́ débi pé ó ti mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lára láti tẹ bọ́tìnnì kan kí iṣẹ́ máa lọ; bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ṣe. Ìwọ̀n tí dókítà fẹ́ fún aláìsàn náà jẹ́ 180 rad. Ìṣirò tí a ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ohun tó gbà wà láàrin 16,500 àti 25,000 rad.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà wá, wọ́n dán ẹ̀rọ wò, kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n sọ pé kò ṣeé ṣe kí ó fún ènìyàn ní ìtànṣán àpọ̀jù. Wọ́n dá ẹ̀rọ náà padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin; ní ọjọ́ 11, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn mìíràn. Nígbà náà ni onímọ̀ físíìsì ilé ìwòsàn náà àti òṣìṣẹ́ yìí jókòó ti ẹ̀rọ, tí wọ́n ń tún gbogbo ohun tó ṣe ṣe, títí wọ́n fi mú kí 'Malfunction 54' jáde bí wọ́n bá ti fẹ́. Àṣírí náà ni ìyára ọwọ́. Òòfà inú ẹ̀rọ náà ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ láti tò. Bí ènìyàn bá tún ọ̀rọ̀ ṣe tó sì parí kí àkókò yìí tó pé, ojú kọ̀ǹpútà yóò gba àtúnṣe náà, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ kò ní í mọ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà pàápàá kò rí i ṣe títí wọ́n fi sọ fún un pé kí ó yára.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí. Ètò náà ti gbà láì sọ pé ọwọ́ ènìyàn kò lè yá tó bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ti lo ẹ̀rọ náà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláìsàn ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù, nítorí náà ìmọ̀ṣẹ́ rẹ̀ gan-an ló gbé e dé ibi tí olùkọ-ètò kò dé. A tún rí òdìkejì rẹ̀ ní Yunifásítì Chicago, níbi tí wọ́n ń lo Therac-20. Onímọ̀ físíìsì kan níbẹ̀ kíyè sí i pé nígbàkigbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ náà, fíùsì máa ń jó léraléra. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n lò tán, ó máa ń dínkù. Àṣìṣe kan náà ti wà nínú ètò Therac-20 láti ìgbà pípẹ́. Àìmọ̀ọ́lò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń tú u síta, ìdènà tí a fi irin ṣe ló sì ń gba àwọn aláìsàn là. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò jù àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò rárá ló di olùdánwò, ẹni tó wà láàrin kò rí nǹkan kan.

Ìjàǹbá tó kẹ́yìn, ní ìlú Yakima ní oṣù kìíní ọdún 1987, ní ìdí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àyè kan wà nínú ètò náà tó lè gba iye láti 0 dé 255. Òdo túmọ̀ sí pé kò sí ohun tí a ní láti yẹ̀ wò. Iye mìíràn túmọ̀ sí pé ó wà. Dípò kí olùkọ-ètò fi iye kan pàtó síbẹ̀, ó ní kí ẹ̀rọ máa fi 1 kún un. Bí ó bá ti kún dé 255 tí a sì tún fi 1 kún un, ó ń padà di òdo, ẹ̀rọ yóò sì fo àyẹ̀wò náà. Ẹnu ààlà ni, gẹ́gẹ́ bí 40 tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan.

Nancy Leveson àti Clark Turner, tí wọ́n tẹ ìwádìí wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1993, kìlọ̀ pé kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru àṣìṣe kan tàbí méjì. A gbà pẹ̀lú wọn. Àbùkù tó ju gbogbo wọn lọ ni pé kò sí ẹni tí a fún ní àṣẹ láti ṣiyèméjì sí ètò náà.

6.0 Àríyànjiyàn àti Àjọṣe

Ó yẹ kí a béèrè ìdí tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n. Gerald Weinberg, nínú ìwé rẹ̀ The Psychology of Computer Programming (1971), ṣàlàyé pé olùkọ-ètò sábà máa ń ka ètò rẹ̀ sí apá kan ara rẹ̀. Ẹni tó bá tọ́ka àbùkù sí i, òun gan-an ni ó tọ́ka sí. Olùdánwò náà ní àléébù tirẹ̀: ó lè máa ka iye àṣìṣe tó rí bí ẹni ń ka ẹran ìgbẹ́ tó pa, kí ó sì gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló ṣe pàtàkì. Bí a bá fi ìwà méjèèjì yìí sílẹ̀ láì tún un ṣe, ìròyìn àbùkù di ẹ̀sùn, ìdáhùn rẹ̀ sì di àwáwí.

Àwọn kan lè sọ pé ìyàtọ̀ yìí ti ń parẹ́, nítorí pé láti ìparí ọ̀rúndún ogún ni àwọn bíi Kent Beck ti ń kọ́ àwọn olùkọ-ètò pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ìdánwò kí wọ́n tó kọ ètò. Àṣà yìí dára púpọ̀, nítorí ó ń fi ipá mú olùkọ-ètò láti sọ ohun tó gbà láì sọ jáde. Síbẹ̀, ohun tí kò wá sọ́kàn rẹ̀ rárá kò lè wà nínú ìdánwò tó kọ. Ní ọ̀nà mìíràn ẹ̀wẹ̀, olùdánwò kò gbọdọ̀ gbéra ga. Edsger Dijkstra ti rán wa létí pé ìdánwò lè fi hàn pé àṣìṣe wà, ṣùgbọ́n kò lè fi hàn láé pé kò sí. Ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà lo ètò kò lóǹkà, ọjọ́ tí olùdánwò ní sì lóǹkà. Yíyàn ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé, ó sì lè ṣi yàn. Ìdí nìyí tí àwọn méjèèjì fi nílò ara wọn: olùkọ-ètò mọ ibi tí òun ti kánjú, olùdánwò mọ ibi tí aráyé máa ń gbà yà kúrò lójú ọ̀nà.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí pé ìyàtọ̀ olùkọ-ètò àti olùdánwò kì í ṣe ti ọgbọ́n orí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ipò. Ibi tí olúkúlùkù dúró sí ni. Ẹnìkan lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò lè dúró síbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìpàkọ́ onípàkọ́ ṣe jẹ́ ohun tí à ń rí, tó jẹ́ pé ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni, bẹ́ẹ̀ náà ni ètò tí a kọ fúnra wa rí.

Ohun méjì ni èyí béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣètò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìbáà ṣe ní ilé ìwòsàn, ní báńkì tàbí ní yunifásítì. Èkíní ni pé kí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tó kọ ètò yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì rí ẹ̀rí tó pọ̀. Èkejì ni pé kí a ka ẹni tí ń lo ẹ̀rọ lójoojúmọ́ sí olùdánwò tó kẹ́yìn. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ pé ẹ̀rọ náà ṣe ohun tí kò yẹ kí ó ṣe, ìdáhùn àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ pé kò ṣeé ṣe. Ìbéèrè ni ó yẹ kó ṣáájú: kí ni o ṣe, báwo ni o sì ṣe yára tó?